Káàdì Kì í Ṣe Ohun Ìdógò

Ẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí jìbìtì káàdì. Ọ̀rọ̀ náà gbòòrò. Bí a bá ní ká sọ gbogbo rẹ̀ tán, ilẹ̀ yóò ṣú mọ́ wa nínú gbọ̀ngàn yìí. Ìyẹn ni mo fi mú ẹ̀ka kan ṣoṣo nínú rẹ̀, èyí tí àwa Yorùbá tó wà ní London ń ṣe láìfura: kí èèyàn fi káàdì báǹkì rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn gẹ́gẹ́ bí ohun ìdúró.

Ẹ mọ ibi tó ti ń ṣẹlẹ̀. Ní ilé ọtí, ẹni tó ń ta ọtí á ní kí ẹ kó káàdì fún òun lẹ́yìn káńtà, kí ẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ yín máa mu lọ, ẹ ó sanwó nígbà tí ẹ bá ń lọ sílé. Ẹni tó ni gbọ̀ngàn tí a fẹ́ fi ṣe ìsọmọlórúkọ tàbí ọjọ́ ìbí àádọ́ta ọdún á ní òun fẹ́ owó ìdúró torí àga àti gíláàsì; bí kò bá sí owó lọ́wọ́, á ní kí ẹ fi káàdì sílẹ̀, kí ẹ wá gbà á lọ́jọ́ Mọ́ńdè tí wọ́n bá ti ka àga tán. Ilé ìtura ń béèrè rẹ̀, àwọn tó ń fi ọkọ̀ háyà ń béèrè rẹ̀. Nílé, ní Nàìjíríà, èyí tó ń ṣẹlẹ̀ ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ, mo ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Láyé àwọn baba wa, bí èèyàn bá fi aṣọ òfì tàbí ìlẹ̀kẹ̀ iyùn dógò, aṣọ àti iyùn náà nìkan ló wà lọ́wọ́ olówó. Bó ti wù kí olówó náà burú tó, aṣọ náà ló lè tà. Kò lè ti ara aṣọ wọnú àká onígbèsè lọ kó ọkà. Káàdì kò rí bẹ́ẹ̀. Ike lásán ni, kò tó kọ́bọ̀. Àṣẹ tó wà lára rẹ̀ ló níye lórí, àṣẹ yẹn gan-an sì ni ẹ ń gbé lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò wá mọ̀ ni pé òfin kì í fi ojú kan náà wo ẹni tí wọ́n jí káàdì rẹ̀ àti ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé káàdì kalẹ̀.

Kí ìyàtọ̀ yìí lè yé wa, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ sí Fresno, ìlú kan ní California. Ní oṣù Kẹsàn-án 1958, Bank of America kó káàdì bí 60,000 sínú lẹ́tà, wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn ará ìlú tí kò béèrè fún un rárá. BankAmericard ni wọ́n pe káàdì náà. 1976 ni wọ́n tó yí orúkọ rẹ̀ sí Visa. Bí káàdì ṣe dé ilé oníkálukú ni àwọn olè náà dé ẹnu àpótí lẹ́tà. Àdánù tí báǹkì náà rí nídìí gbèsè tí wọn kò san àti jìbìtì pọ̀ ju ohun tí wọ́n ṣírò lọ. Nígbà tó di 1970, ìjọba Amẹ́ríkà ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi kírẹ́díìtì káàdì ránṣẹ́ sí ẹni tí kò béèrè mọ́. Ní ọdún yẹn kan náà ni wọ́n sọ pé bí ẹlòmíràn bá lo káàdì rẹ láìgbàṣẹ, ohun tí wọ́n lè kà sí ọ lọ́rùn kò gbọdọ̀ ju $50 lọ. Láti ìgbà náà ni ọkàn àwọn èèyàn ti balẹ̀ mọ́ káàdì. Wọ́n gbọ́ $50, wọn kò fetí sí "láìgbàṣẹ".

Kí ni ẹni tó bá di káàdì yín mú fún ìṣẹ́jú márùn-ún lè fi ṣe? Ó sinmi lórí ìgbà tí à ń sọ. Àwọn àgbà inú wa á rántí ẹ̀rọ onírin kan tó máa ń wà lórí káńtà láyé ọjọ́un. Wọ́n á tẹ́ káàdì sínú rẹ̀, wọ́n á fi ìwé lé e lórí, wọ́n á wọ́ irin kọjá lẹ́ẹ̀kan, nọ́ńbà tó yọ gọngọ lára káàdì á sì tẹ̀ sórí ìwé. Ilé ìtura á wá ní kí o fọwọ́ sí ìwé náà láìtíì kọ iye owó sí i. Ohun ìdúró ayé ìgbà yẹn nìyẹn. Ó kù sọ́wọ́ ẹni tó di bírò mú.

Lẹ́yìn náà ni ìlà dúdú ẹ̀yìn káàdì dé. Àléébù ìlà yìí ni pé ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ kì í yí padà: bó ṣe wà lánàá ló wà lónìí. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ kékeré kan tó gba inú àtẹ́lẹwọ́ lè wọ́ káàdì yín kọjá lára rẹ̀, kó da gbogbo rẹ̀ kọ sára ike mìíràn, kó sì dá tiyín padà pẹ̀lú ẹ̀rín músẹ́. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe mú ṣíìpù wá. Ṣíìpù máa ń ṣẹ̀dá àmì tuntun fún owó kọ̀ọ̀kan tí a bá san, nítorí náà ẹni tó jí àmì àná kò rí nǹkan fi ṣe lónìí. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ di dandan ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì 2006 pé PIN ni kí a máa tẹ̀ dípò ká fọwọ́ síwèé. Amẹ́ríkà lọ́ra: ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá 2015 ni ìlànà àwọn ilé iṣẹ́ káàdì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀, pé oníṣòwò tí kò bá ní ẹ̀rọ ṣíìpù ni yóò ru ẹrù jìbìtì tí ṣíìpù ì bá dá dúró. Mastercard ti sọ pé nígbà tó bá fi di 2033, kò ní sí ìlà dúdú lára káàdì wọn kankan mọ́. Kó tó di ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ káàdì àpò wa ṣì ru àtijọ́ àti ìsinsìnyí pọ̀.

Ṣùgbọ́n ṣíìpù kò gba nọ́ńbà là. Nọ́ńbà 16 iwájú káàdì, ọjọ́ tí káàdì máa parí, àti nọ́ńbà mẹ́ta tó wà lẹ́yìn: ohun tó wà nínú káàdì fún olè orí íntánẹ́ẹ̀tì kò ju mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí lọ. Kò nílò kó jí ike náà. Fóònù ló nílò, kó ya iwájú, kó ya ẹ̀yìn, nígbà tí ẹ̀yin ṣì ń jó níwájú onílù. Àwọn ibi ìtajà kan kì í tilẹ̀ béèrè nọ́ńbà mẹ́ta yẹn. Láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2022, báǹkì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní láti béèrè ẹ̀rí kejì, bóyá lórí áàpù tàbí nípa nọ́ńbà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí fóònù yín, kí wọ́n tó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ìrajà orí íntánẹ́ẹ̀tì kọjá. Ó ṣèrànwọ́ púpọ̀. Àmọ́ oníṣòwò tó wà lẹ́yìn òkun kò sí lábẹ́ òfin yẹn, olè náà sì mọ ibi tó yẹ kó lọ.

Ẹ má gbàgbé ọ̀nà ìsanwó tí a kàn ń fi káàdì kan ẹ̀rọ lásán, tí kì í béèrè PIN. £10 ni òpin owó tí a lè fi san lẹ́ẹ̀kan nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní 2007. Wọ́n ń gbé e sókè díẹ̀díẹ̀, ó di £45 nígbà àrùn kòrónà ní 2020, ó sì di £100 ní oṣù Kẹwàá 2021. Káàdì tí ẹ fi sẹ́yìn káńtà ní 2007, ọtí bíi mélòó ni wọ́n lè fi rà kí ẹ tó mọ̀? Ẹ fi wé ti ìsinsìnyí.

Ọ̀nà tó dára wà tí ilé ìtura tàbí ilé ọtí lè gbà rí i dájú pé ẹ ó sanwó, ó sì yẹ ká mọ̀ ọ́n kí a lè béèrè fún un. Ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ó fi káàdì sínú ẹ̀rọ, tàbí kí ẹ fi kàn án, níṣojú yín. Ẹ̀rọ á béèrè lọ́wọ́ báǹkì bóyá £200 wà. Báǹkì á ní ó wà, á sì dá £200 náà dúró fún wọn. Owó kò tíì kúrò. Wọ́n kàn ní kí ẹ má fọwọ́ kàn án ni. Káàdì á padà sápò yín. Nígbà tí ẹ bá ń lọ, wọ́n á gba iye tí ẹ jẹ, wọ́n á sì tú ìyókù sílẹ̀. Gbogbo ohun tí oníṣòwò ń wá nìyẹn. Kò sí ìdí kankan tí ike yẹn fi gbọ́dọ̀ sùn sínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ láàárín kírẹ́díìtì káàdì àti dẹ́bíìtì káàdì rèé, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Bí ẹ bá lo kírẹ́díìtì, owó báǹkì ni wọ́n dá dúró. Tiyín ṣì wà ní àlàáfíà. Bó bá jẹ́ dẹ́bíìtì, owó oúnjẹ yín ni. Ẹni tó gba owó oṣù ní ọjọ́ Ẹtì, tó fi dẹ́bíìtì wọ ilé ìtura ní ọjọ́ Sátidé, lè rí i ní ọjọ́ Mọ́ńdè pé owó ilé kò kọjá, kì í ṣe pé ó náwó ní ìnákúnàá, wọ́n kàn so owó rẹ̀ rọ̀ ni. Títú rẹ̀ sílẹ̀ lè gba ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tí ẹ ti fi ilé ìtura sílẹ̀. Bó bá tún wá jẹ́ pé jìbìtì ló ṣẹlẹ̀, ti kírẹ́díìtì, ẹ̀yin àti báǹkì ń jiyàn lórí gbèsè tí ẹ kò tíì san. Ti dẹ́bíìtì, owó ti lọ, ẹ̀yin lẹ ń sáré tẹ̀lé e.

Nǹkan kan tún wà tó ń bí mi nínú. Àwọn kan a ní kí ẹ ya àwòrán káàdì níwájú àti lẹ́yìn, kí ẹ fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp, kí wọ́n lè bá yín di yàrá tàbí gbọ̀ngàn mú. Láti 2004 ni ìlànà àjùmọ̀ṣe àwọn ilé iṣẹ́ káàdì, tí wọ́n ń pè ní PCI DSS, ti wà, ó sì sọ ọ́ gbangba pé oníṣòwò kò gbọdọ̀ tọ́jú nọ́ńbà mẹ́ta ẹ̀yìn káàdì lẹ́yìn tí báǹkì bá ti fọwọ́ sí owó náà. Ẹni tó ní kí ẹ fi àwòrán ránṣẹ́ ń béèrè ohun tí wọn kò gbà á láyè láti ní nínú fóònù rẹ̀. Ó lè má jẹ́ olè. Ṣùgbọ́n fóònù rẹ̀ lè bọ́ sọ́wọ́ olè. Ilé ìtura ńlá pàápàá kò bọ́ nínú rẹ̀: ní oṣù Kọkànlá 2018, ilé iṣẹ́ ilé ìtura Marriott kéde pé àwọn olè orí ẹ̀rọ ti wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ àwọn àlejò Starwood, ẹ̀ka wọn kan, fún ọdún mélòó kan, nọ́ńbà káàdì sì wà nínú ohun tí ọwọ́ wọn tẹ̀. Àjọ tó ń ṣọ́ ìsọfúnni aráàlú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bu owó ìtanràn £18.4 mílíọ̀nù lé wọn ní 2020. Bó bá lè ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, kí ni ká wá sọ nípa ìwé àkọsílẹ̀ tó wà lórí tábìlì olùtọ́jú gbọ̀ngàn?

Ti ọkọ̀ háyà, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Wàhálà tó wọ́pọ̀ níbẹ̀ kì í sábà jẹ́ jìbìtì olè. Owó ìbàjẹ́ tí wọ́n ní ẹ ṣe sí ọkọ̀ ni, tí wọ́n á yọ lórí káàdì yín lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹjọ́ pọ̀ débi pé ní 2015, ilé iṣẹ́ ńlá márùn-ún ṣèlérí fún àwọn aláṣẹ ilẹ̀ Yúróòpù pé àwọn á tún ìwà àwọn ṣe. Ẹ ya fídíò ọkọ̀ náà yípo kí ẹ tó gbé e, ẹ tún yà á nígbà tí ẹ bá dá a padà. Ó tán.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí òfin ilẹ̀ yìí wí. Consumer Credit Act ti 1974 ló ń ṣàkóso kírẹ́díìtì káàdì. Apá 83 inú rẹ̀ sọ pé ẹni tó ni káàdì kò jẹ gbèsè ohun tí ẹlòmíràn fi ra nǹkan láìgbàṣẹ. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Apá 84 wá yọ ọ̀nà méjì sọ́tọ̀. Bí káàdì bá sọnù tàbí tí wọ́n jí i, òfin kọ́kọ́ gbà kí báǹkì gba tó £50 lọ́wọ́ olóhun. Iye yẹn ti wálẹ̀ sí £35 láti 2018. Ọ̀nà kejì ló mú mi dúró níwájú yín lónìí: bó bá jẹ́ pé ẹni tó ná owó náà gba káàdì pẹ̀lú ìyọ̀ǹda olóhun, òfin kò fi iye kankan dí báǹkì lọ́wọ́. Gbogbo owó náà ni wọ́n lè kà sí olóhun lọ́rùn. Ẹni tó fi káàdì sílẹ̀ lẹ́yìn káńtà, ṣé wọ́n jí i ni, àbí ó yọ̀ǹda rẹ̀? Báǹkì lè ṣàánú, báǹkì sì lè má ṣàánú. Lójú tèmi, kò yẹ kí owó ilé èèyàn wà nínú "bóyá" bẹ́ẹ̀ torí ìgò ọtí mẹ́rin.

Amẹ́ríkà náà kò sọ ohun tó yàtọ̀, fún àwọn tí ọmọ wọn wà ní Houston tàbí Maryland. Òfin wọn ti 1978 lórí dẹ́bíìtì sọ pé bí ẹ bá tètè sọ fún báǹkì láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méjì tí ẹ mọ̀, $50 ni ó pọ̀ jù tí ẹ lè pàdánù. Bí ẹ bá fà á sẹ́yìn, ó lè di $500. Bí 60 ọjọ́ bá kọjá lẹ́yìn tí ìwé àkáǹtì ti dé, kò lópin mọ́. Òfin yìí kan náà ló sọ pé bí ẹ̀yin fúnra yín bá fún ẹnì kan ní káàdì, ohun tó bá fi ṣe kì í ṣe jìbìtì lójú òfin títí ẹ ó fi sọ fún báǹkì pé ẹni náà kò láṣẹ mọ́.

Àmọ́ apá 84 yẹn náà fún wa ní ọ̀nà àbáyọ, kò sì ná wa ní kọ́bọ̀. Láti ìgbà tí ẹ bá ti sọ fún báǹkì, ìbáà jẹ́ lẹ́nu lásán lórí fóònù, pé káàdì ti sọnù tàbí pé ó ti wà níbi tí wọ́n ti lè fi ṣe ohun tí kò yẹ, ohunkóhun tí wọ́n bá fi ná lẹ́yìn ìpè yẹn kò sí lọ́rùn yín mọ́. Nítorí náà, bí ẹ bá délé láàárín òru tí ẹ rántí pé káàdì wà nílé ọtí, ẹ má ní "ó dàárọ̀, mo mọ ọmọ tó ń ta ọtí níbẹ̀." Ẹ ti káàdì náà pa lórí áàpù, ẹ pe báǹkì, ẹ kọ aago tí ẹ pè sílẹ̀ àti orúkọ ẹni tó dá yín lóhùn. Ìtìjú ló ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ wa dúró di ọ̀sán ọjọ́ kejì.

Ó wá ku ti ilé. Ní Nàìjíríà, àwọn tó ń yáni lówó ṣogúndogójì ti rí ọ̀nà tuntun. Olùkọ́, òṣìṣẹ́ ìjọba, àwọn tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì, bí wọ́n bá wá yáwó, a-yáni-lówó á ní kí wọ́n fi káàdì ATM sílẹ̀, kí wọ́n sì sọ PIN rẹ̀. Lọ́jọ́ tí owó oṣù bá wọlé, òun ni yóò kọ́kọ́ dé ìdí ẹ̀rọ, káàdì oríṣiríṣi èèyàn ní ọwọ́ rẹ̀. Á yọ tirẹ̀, á yọ èlé, á wá fi ìyókù ránṣẹ́ sí ẹni tó ṣiṣẹ́ oṣù. Ẹni tó jẹ gbèsè kò mọ iye tó kù, kò mọ ìgbà tí gbèsè máa tán, torí pé ẹni tó ń gba owó náà ló ń ṣírò rẹ̀. Ewu tó tún wà lẹ́yìn èyí burú ju èlé lọ. Àkáǹtì tí ẹlòmíràn ní káàdì àti PIN rẹ̀ lè di ojú ọ̀nà tí owó olè ń gbà kọjá. Lọ́jọ́ tí ọlọ́pàá bá ń wá owó náà, orúkọ àti BVN (nọ́ńbà tí báǹkì fi ń dá oníbàárà mọ̀) ẹni tó ni káàdì ni wọ́n á bá níbẹ̀, kì í ṣe ti a-yáni-lówó.

Òfin Nàìjíríà tó de ìwà ọ̀daràn orí ẹ̀rọ, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2015, kò ṣàìmọ̀ nípa rẹ̀. Apá 33 rẹ̀ sọ pé ẹni tó bá fi ète jìbìtì gba káàdì ẹlòmíràn láti fi dúró fún gbèsè ti ṣẹ̀, ẹ̀wọ̀n sì wà níbẹ̀. Àléébù tí mo rí ni "ète jìbìtì" yẹn. A-yáni-lówó á ní owó òun lòun ń gbà, òun kò lu ẹnikẹ́ni ní jìbìtì, ta ni yóò wo inú rẹ̀? Gúúsù Áfíríkà, tí àwọn tí wọ́n ń pè ní mashonisa ti ń kó káàdì àwọn aláìní pamọ́ tipẹ́, ṣe tiwọn dáadáa jù wá lọ. National Credit Act wọn ti 2005 kò béèrè ète: ẹni tó bá ń yáni lówó kò gbọdọ̀ gba káàdì báǹkì tàbí PIN láti fi gba gbèsè, ó tán síbẹ̀. Ó yẹ kí àwọn aṣòfin wa ní Abuja kọ́ irú rẹ̀.

Mo bẹ ẹ̀yin tó ni gbọ̀ngàn nínú wa, àti ẹ̀yin akápò ẹgbẹ́: ẹ gba owó ìdúró lórí ẹ̀rọ tàbí ní owó ọwọ́, kí ẹ sì já rìsíìtì fún ẹni tó san án. Bí káàdì ẹnikẹ́ni bá wà nínú dúrọ́ọ̀ yín lónìí, ẹ dá a padà. Ẹ̀yin tí òbí yín ń gba owó ìfẹ̀yìntì nílé, bí ẹ bá pè wọ́n lálẹ́ òní, tí ẹ bá ti kí wọn tán, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí káàdì ATM wọn wà. Bí wọ́n bá ní ó wà lọ́wọ́ ẹnì kan, ẹ má bá wọn jà. Ẹ bá wọn san gbèsè náà bí agbára yín bá ká a, kí wọ́n lọ sí báǹkì lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kí wọ́n ti káàdì náà pa, kí wọ́n sì gba òmíràn pẹ̀lú PIN tuntun.